Ábà Kì Í Ṣe Dádì, Bàbá Ni

Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan tí gbólóhùn kan ti wà lọ́kàn mi tí ò fẹ́ lọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì á ti gbọ́ ọ rí, bóyá lẹ́nu pásítọ̀ yín, bóyá nínú fídíò tẹ́nì kan fi ránṣẹ́ sórí WhatsApp: pé "Ábà" tó wà nínú Bíbélì, "Dádì" ló túmọ̀ sí. Pé ọ̀rọ̀ ọmọ kékeré ni. Pé Jésù pe Ọlọ́run bí ọmọ ọdún méjì ṣe ń pe bàbá ẹ̀ tó bá ti ibi iṣẹ́ dé. Gbogbo ìjọ á ní "áà!", àwọn kan á máa nu ojú, àwọn akọrin á gbá orin mọ́ ọn.

Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà o. Ìwàásù yẹn dùn, ó sì ti tu ọ̀pọ̀ èèyàn nínú, pàápàá àwọn tí bàbá wọn nílé le bí ojú ẹja. Ohun tó ń dà mí láàmú ni pé pásítọ̀ tí mo gbọ́ ọ lẹ́nu ẹ̀ yìí, Yorùbá ló fi wàásù láti ìbẹ̀rẹ̀, Yorùbá tó dùn tó lówe nínú, àmọ́ bó ṣe dórí Ábà báyìí ló yà sí Gẹ̀ẹ́sì, ó ní, "Dádì ni o, ẹ̀yin ará, kì í ṣe Bàbá!" Kì í ṣe bàbá kẹ̀? Kí ni bàbá ṣe? Ìgbà wo ni bàbá di ọ̀rọ̀ tó tutù, tó fi jẹ́ pé Gẹ̀ẹ́sì la máa lọ yá kí Ọlọ́run tó lè sún mọ́ wa?

Lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì

Lẹ́yìn ìsìn, a tò sẹ́nu ọ̀nà ká lè kí pásítọ̀ bí a ṣe máa ń ṣe. Pásítọ̀ yìí ò tíì pé àádọ́ta ọdún. Ẹni tó wà níwájú mi, bàbá àgbàlagbà kan ni, irun orí wọn ti funfun báláú, wọ́n á ti lé ní àádọ́rin. Bó ṣe kàn wọ́n, wọ́n ṣí fìlà, wọ́n fẹ́ dọ̀bálẹ̀, orúnkún ò gbà fún wọn, wọ́n wá tẹ̀ ba títí ọwọ́ wọn kan fi kan ilẹ̀, wọ́n ní, "Ẹ kú iṣẹ́ Olúwa o, Dádì." Pásítọ̀ sáré gbá wọn mú, òun náà tẹ̀ ba, ó tẹ̀ ju tiwọn lọ, ó ní, "Áà, Bàbá, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́ o, Bàbá mi."

Mo dúró síbẹ̀, mò ń wo àwọn méjèèjì. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún wa tán pé ọ̀rọ̀ ọmọ ọwọ́ ni Dádì, òun náà ni arúgbó ń pè ní Dádì yìí, ẹnikẹ́ni ò sì rẹ́rìn-ín. "Bàbá" tó ní kò gbóná tó, òun ló bọ́ lẹ́nu ẹ̀ nígbà tí àánú arúgbó yẹn ṣe é, ó tiẹ̀ tún so "mi" mọ́ ọn nídìí. Kò tán síbẹ̀. Ọmọ pásítọ̀, ọmọbìnrin kékeré kan tí ò lè ju ọmọ ọdún márùn-ún lọ, já lọ́wọ́ ìyá ẹ̀, ó sáré wá fa ẹ̀wù bàbá ẹ̀ látẹ̀yìn: "Dádì, ẹ jẹ́ ká máa lọ sílé, ebi ń pa mí."

Ẹ gbọ́ nǹkan tí ọmọ yẹn sọ dáadáa. "Ẹ jẹ́ ká máa lọ." Ọmọ ọdún márùn-ún, ebi ń pa á, ó ń fa ẹ̀wù, ó sì ṣì ń bọ̀wọ̀. Dádì ti Gẹ̀ẹ́sì ò gbé irú ẹrù yẹn rí, kò sí "ẹ" nílé wọn. Arúgbó àti ọmọdé pe ẹnì kan náà lórúkọ kan náà láàárín ìṣẹ́jú kan, ọ̀kan ń bọ̀wọ̀ fún ipò, ìkejì ń wá oúnjẹ, kò sì sí èyí tó ṣi ọ̀rọ̀ lò nínú wọn. Onílé tí à ń sanwó fún, Dádì ni. Bàbá ọ̀rẹ́ wa, Dádì ni. Ọ̀gá àgbà ìjọ Redeemed, Daddy G.O. ni tọmọdé tàgbà mọ̀ wọ́n sí ní Nàìjíríà, kò sì sí ẹni tó gbọ́ "Daddy G.O." tó rò pé ọmọ ọwọ́ ló ń sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn fi ṣòkòtò péńpé wọ ọkọ̀ òkun wá sọ́dọ̀ wa láti ilẹ̀ Òyìnbó, nígbà tó pẹ́ tó ti di ará ilé, a rán agbádá fún un.

Ibi tọ́kàn mi ti yí padà nìyẹn, lórí ìlà níbẹ̀. Mo rò ó pé tí Dádì bá lè dàgbà lẹ́nu wa báyìí láàárín àkókò tí ò tíì pẹ́, ta ló sọ pé Ábà ò tíì dàgbà lẹ́nu àwọn tó ni ín kí wọ́n tó bí Jésù?

Ọ̀rọ̀ tó ti dàgbà

Èdè Árámáíkì ni Ábà, èdè tí wọ́n ń sọ nílé àti lọ́jà ní Gálílì nígbà yẹn. Ibi mẹ́ta péré ló ti jáde nínú Májẹ̀mú Tuntun: Máàkù 14:36, Róòmù 8:15 àti Gálátíà 4:6. Níbi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, wọn ò dá a dá ọ̀rọ̀ ara ẹ̀, wọ́n fi ọ̀rọ̀ Gíríìkì tó túmọ̀ sí bàbá tẹ̀ lé e lójú ẹsẹ̀.

Ọ̀jọ̀gbọ́n ará Jámánì kan, Joachim Jeremias, tó kọ́ni ní Göttingen, lorúkọ ẹ̀ máa ń jáde tí wọ́n bá ń tọpasẹ̀ ọ̀rọ̀ Dádì yìí. Ó ní ẹnu ọmọ ọwọ́ ni Ábà ti ṣẹ̀, àti pé bí Jésù ṣe fi pe Ọlọ́run yàtọ̀ gidi sí bí àwọn Júù ìgbà yẹn ṣe ń gbàdúrà. Àwọn oníwàásù gbé èyí, wọ́n sá lọ, wọn ò dúró gbọ́ ìyókù, torí Jeremias fúnra ẹ̀ padà kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má rò pé Jésù kàn ń sọ̀rọ̀ bí ọmọ kékeré, pé àwọn ọmọ tó ti dàgbà náà ń pe bàbá wọn bẹ́ẹ̀. Nígbà tó wá di 1988, James Barr, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Oxford, kọ àròkọ kan tí àkọlé ẹ̀ ti sọ gbogbo ẹ̀ tán: Ábà kì í ṣe Dádì. Ọ̀kan nínú ohun tó tọ́ka sí ò le rárá. Gíríìkì ní ọ̀rọ̀ tí ọmọdé fi ń pe bàbá, "pappas" wà ńbẹ̀, tó bá jẹ́ pé ohùn ọmọ ọwọ́ làwọn tó kọ Májẹ̀mú Tuntun fẹ́ ká gbọ́, wọ́n ní ohun tí wọ́n lè lò, wọn ò lò ó, bàbá tí gbogbo ayé ń pè ni wọ́n kọ.

Mo gba ti Barr. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá wò ó dáadáa, ìjà elédè Gẹ̀ẹ́sì ni ìjà yìí látòkèdélẹ̀. Àwọn ló ní ọ̀rọ̀ méjì, ọ̀kan fún inú ìwé àti inú ṣọ́ọ̀ṣì, ọ̀kan fún inú yàrá, ó wá di dandan fún wọn kí wọ́n mú ọ̀kan. Kí ló kan tiwa níbẹ̀? Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tẹ̀ gàgà, bàbá ló ń sọ. Ọkùnrin tó ti ní ọmọ ọmọ, tí bàbá ẹ̀ ṣì wà láyé, bàbá ló ń sọ. Tí bàbá náà bá kú, wọ́n á dúró níbi sàréè, bàbá náà ni wọ́n á máa ké. Wọ́n ń pè é fún ọba, fún babaláwo, fún ẹni tó ń tún táyà ṣe lójú títì tó bá ti lé ní ọgọ́ta ọdún, ìyàwó ń pe ọkọ ẹ̀ ní Bàbá Tọ́lá, àwọn òbí tí wọ́n sọ ọmọ wọn ní Bàbátúndé sì ń pe ìkókó ní Bàbá láìtijú. Ohun tí wọ́n ń fi gbogbo ìwé yẹn ṣàlàyé fún Òyìnbó nípa Ábà, ọ̀rọ̀ tiwa ti ń ṣe é lójoojúmọ́.

Ẹ ka Máàkù 14 pẹ̀lú èyí lọ́kàn. Ọkùnrin tó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún ló wà nínú ọgbà lóru yẹn, ó mọ̀ pé wọ́n ń bọ̀ wá mú òun, ó ní, "Ábà, Baba, ṣíṣe ni ohun gbogbo fún ọ, mú ago yìí kúrò lórí mi." Ẹ̀yin náà ẹ ti gbọ́ irú ohùn yẹn rí. Tí nǹkan bá ká géńdé mọ́ nílẹ̀ wa, á dọ́wọ́ bo orí, á ní "Yéè, bàbá mi ò!" (Ká sòótọ́, ìyá la sábà máa ń ké sí, àmọ́ ọ̀rọ̀ ìyá ọjọ́ mìíràn ni.) Kò sẹ́ni tó gbọ́ igbe yẹn tó máa ní ọkùnrin yìí ti ń ṣe bí ọmọ ọwọ́.

Ọ̀rọ̀ bàbá kì í sì í pẹ́ lẹ́nu ọmọ kó tó gorí oyè. Ábà yìí náà wọ Láàtìnì, ó di orúkọ olórí ilé àwọn mọ́ńkì. Ní Etiópíà, Abba ni wọ́n ṣì ń pe àlùfáà. "Pappas" tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, ọ̀rọ̀ ọmọdé Gíríìkì yẹn, òun ló wá dórí Póòpù. Bárábà tí wọ́n dá sílẹ̀ nígbà tí wọ́n kan Jésù mọ́gi, tẹ́ ẹ bá tú orúkọ ẹ̀ sí méjì, "bar Abba", ọmọ bàbá ni.

Ba-ba-ba

Kì í ṣe pé ọmọ ọwọ́ ò lọ́wọ́ sí i o. Roman Jakobson, onímọ̀ èdè ará Rọ́ṣíà tó lọ ń gbé ní Amẹ́ríkà, kọ ọ̀rọ̀ lórí èyí ní bí ọdún 1960, pé kí ló dé tí màmá àti pàpá fi jọra káàkiri ayé. Ètè ni. B, p àti m ló rọrùn jù fún ọmọ tí ò tíì léyín, á kàn pa ètè dé, á tún ṣí i. Ọmọ jókòó jẹ́jẹ́ ẹ̀ ó ń ṣe "ba-ba-ba", bàbá ẹ̀ fò sókè lórí àga, "Ó pè mí! Ẹ gbọ́, ó pè mí!", ìyá ẹ̀ ní irọ́ ni, èmi ló ń pè. Àwọn àgbà ló pín ìró yẹn mọ́ ara wọn lọ́wọ́, ọmọ ò mọ nǹkan kan. Ní orílẹ̀-èdè Jọ́jíà, "mama" ni bàbá, "deda" ni ìyá, ẹ ò rí i pé ibi tó bá wu oníkálùkù ló pín in sí.

Ìdí nìyí tí mi ò kì í dá sí i tí wọ́n bá ti ń sọ ọ́ pé Ábà àti Bàbá jọra, torí náà Ísírẹ́lì ni Yorùbá ti wá. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, Ṣáínà náà ńkọ́? Bàba ni wọ́n ń sọ. Tọ́kì ńkọ́? Àwọn tó ń sọ Swahili ńkọ́? Gbogbo wa ò lè jọ kó ẹrù kúrò ní Jerúsálẹ́mù.

Àwọn rábì àtijọ́ náà ti kíyè sí ọ̀rọ̀ ẹnu ọmọ yìí. Ó wà nínú Talmud, ìwé ńlá tí ẹ̀kọ́ àwọn rábì Júù wà, pé ọmọ kì í mọ Ábà àti Ímà pè, ìyẹn bàbá àti ìyá, títí á fi tọ́ ọkà wò. Mo rẹ́rìn-ín nígbà tí mo kà á. Ògì ni tiwa.

Ẹrú ní bàbá

Ibi tọ́rọ̀ yìí ti wọ̀ mí lára jù ni nígbà tí mo rántí ẹni tó kọ "Ábà, Baba" sínú Bíbélì Yorùbá. Àjàyí Crowther ni. Ìwé Róòmù tí ẹsẹ yẹn wà wà lára ohun tó kọ́kọ́ jáde lédè wa nínú Bíbélì, ní 1850, kí odindi Bíbélì tó jáde ní 1884. Ọmọ Òṣogùn ni. Ọmọdé ni nígbà tí wọ́n kó ìlú wọn lẹ́rú ní 1821, wọ́n so okùn mọ́ ọn lọ́rùn, wọ́n tà á látọwọ́ ẹnì kan dọ́wọ́ ẹlòmíì títí ó fi dọ́wọ́ àwọn Potogí, kí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì tó gbà wọ́n lójú omi ní 1822, wọ́n sì já wọn sí Freetown ní Sierra Leone. Ó rí ìyá ẹ̀ padà ní Abẹ́òkúta ní 1846, lẹ́yìn ọdún 25. Bàbá ẹ̀, kò fojú kàn án mọ́ láéláé.

Òun ló wá jókòó, tó gé gègé, tó ń wá Yorùbá fún ọ̀rọ̀ Pọ́ọ̀lù: "Nítorí ẹ̀yin kò tún gba ẹ̀mí ẹrú láti máa bẹ̀rù mọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀yin ti gba ẹ̀mí ìsọdọmọ, nípa èyí tí àwa fi ń ké pé, Ábà, Baba." Ẹrú. Ìsọdọmọ. Baba. Èyí kì í ṣe ẹni tó ń fojú inú wo ohun tí ẹrú jẹ́. Àwọn tó sì máa kà á ní Abẹ́òkúta, ẹrú wà nínú agbo ilé wọn, àwọn míì nínú wọn ti ṣe ẹrú rí. Wọ́n ti ní òwe ẹ̀ kí ìwé tó dé: ẹrú ní bàbá, ọ̀nà ló jìn. Ohun tó sọ èèyàn di ẹrú ò ju pé tó bá pariwo bàbá, ẹni tó máa jẹ́ ẹ ò sí nítòsí.

Tẹ́ ẹ bá wá tẹ̀ síwájú dé ẹsẹ 17, Pọ́ọ̀lù bọ́ sórí ogún: ajogún Ọlọ́run, ajùmọ̀jogún pẹ̀lú Kristi. Ẹ jọ̀ọ́, ta ló ń bá ọmọ ọdún méjì sọ̀rọ̀ ogún? Ọ̀rọ̀ ẹni tó ti dàgbà ni, tó fẹ́ mọ̀ bóyá òun lẹ́tọ̀ọ́ nínú ilé yìí àbí òun kàn ń gbé ibẹ̀. Kò sí orin ìrẹmọlẹ́kún níbẹ̀. Tá a bá fi Dádì ti orí itan bò ó mọ́lẹ̀, ẹ̀gbẹ́ tó wúwo jù nínú ọ̀rọ̀ yẹn la sọ nù, àwa tí bàbá ńlá wa mọ ìyàtọ̀ ẹrú àti ọmọ ju ẹnikẹ́ni lọ.

Àwọn tí ọkọ̀ ogun ò gbà lójú omi náà gbé ọ̀rọ̀ yìí dání dé ibi tí wọ́n kó wọn lọ. Ní Bahia ní Brazil, wọ́n ṣì ń pe olórí ilé òrìṣà ní babalorixá, ní erékùṣù Itaparica, Babá ni wọ́n ń pe egúngún tó bá jáde, ní Kúbà wọ́n ní babalawo, wọ́n ní Babalú Ayé. Wọ́n gba orúkọ lọ́wọ́ wọn, wọ́n fún wọn ní ti Potogí àti ti Sípéènì. Bàbá ò gbà lọ.

Ìwọ àbí ẹ̀yin?

Ìtàn kan tún wà nínú Talmud tí mo fẹ́ràn. Ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Hanan ha-Nehba, ọmọ ọmọ Honi tí wọ́n mọ̀ mọ́ àdúrà òjò. Tí ọ̀dá bá dá, àwọn rábì á rán àwọn ọmọ ilé ìwé sí i, wọ́n á di etí aṣọ ẹ̀ mú, wọ́n á máa ké, "Ábà, Ábà, fún wa lójò!" Òun kọ́ ló bí wọn o. Hanan á wá yíjú sí Ọlọ́run, á ní kó ṣe é nítorí àwọn tí ò mọ ìyàtọ̀ láàárín Ábà tó lè fúnni lójò àti Ábà tí ò lè fúnni. Ẹ rí i bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe ṣe lójú ẹsẹ̀ kan ṣoṣo: ọmọdé fi pe àgbàlagbà ìlú, àgbàlagbà ìlú gbé e, ó fi kan Ọlọ́run lójú. Bàbá gan-an nìyẹn, bí a ṣe ń lò ó ní Ìbàdàn.

Tí pásítọ̀ bá wá ní òun ṣì fẹ́ ibi tí Ọlọ́run ti sún mọ́ wa pẹ́kípẹ́kí lédè Yorùbá, mo ní ibì kan tí òun lè wò, ẹnu ara ẹ̀ sì ló wà. Ọmọ ẹ̀ sọ fún un pé "Dádì, ẹ jẹ́ ká máa lọ". Bó ṣe kọ́ ọ nìyẹn, bí bàbá tiwa náà ṣe kọ́ wa nìyẹn, ẹni tó bá dán an wò kó pe bàbá ẹ̀ ní "ìwọ", ìgbátí ló máa dáhùn. Àmọ́ tó bá kúnlẹ̀, "Baba wa tí ń bẹ ní ọ̀run, kí á bọ̀wọ̀ fún orúkọ rẹ, kí ìjọba rẹ dé" ló ń sọ. Rẹ! Kì í ṣe yín. Àwọn baba wa tó ń wúre kí Bíbélì tó dé náà, Olódùmarè ò di "ẹ̀yin" lẹ́nu wọn, bẹ́ẹ̀ wọ́n ń sọ "ẹ" fún ẹ̀gbọ́n tó fi ọdún kan jù wọ́n lọ. Nínú gbogbo àwọn tá à ń pè ní bàbá, Ẹni tó ga jù la lè sọ "ìwọ" fún láìjẹ ìyà. Mi ò tíì gbọ́ ìwàásù kan lórí ìyẹn rí, ó sì tó wàásù lé lórí.

Àwọn orin ìsinsìnyí ti ń dá "ẹ" padà o, "Bàbá, ẹ ṣé" la ń kọ ní gbogbo ibi ìyìn. Màmá mi kì í tiẹ̀ yà wọ́n sọ́tọ̀, inú àdúrà òwúrọ̀ kan náà ni wọ́n ti máa ń sọ méjèèjì: "Bàbá, ẹ ṣé tẹ́ ẹ jí wa, orúkọ rẹ nìkan la ó máa gbé ga." Mo bi wọ́n pé èwo gan-an ni, "ẹ" àbí "rẹ". Wọ́n ní kí n kọ́kọ́ ṣe àmín ná.